Kí Ìyá Ẹni Tó Ni Ín Rán An

Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni Màmá Lọ́ńdìrì ti ń fọ aṣọ àwọn eléré ìdárayá, kò sì tíì wo eré kan ṣoṣo rí. Ẹ má wulẹ̀ rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Yàrá ìfọṣọ wà lábẹ́ ibi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí ní pápá ìṣeré náà, àtẹ̀gùn mọ́kànlá péré ló sì wà láàárín òun àti koríko. Bí àwọn èèyàn bá hó yèè lókè, tí àjà yàrá mì tìtì, á kàn gbójú sókè, á ní, "Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀," á sì da ọṣẹ sínú ẹ̀rọ.

Kì í ṣe pé ó ń gbéra ga. Ìgbà tí eré bá gbóná lókè ni iṣẹ́ tirẹ̀ náà máa ń gbóná nísàlẹ̀. Aṣọ àwọn tó ṣeré láàárọ̀ á ti kún ilẹ̀, àwọn tó fẹ́ ṣe ti ìrọ̀lẹ́ á sì máa kanlẹ̀kùn pé àwọn ń dúró. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló jọ ń lo pápá kan ṣoṣo yẹn: ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ẹgbẹ́ rọ́gbì, àti àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn tó máa ń dé akoto ràbàtà bí ẹni tó fẹ́ lọ jagun. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, àti fèrèsé kan tó ga débi pé sánmà nìkan ni èèyàn lè rí níbẹ̀: ibi tí obìnrin yìí ti ń jẹun òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kí aṣọ ẹgbẹ́ kan má bàa lọ bá ti èkejì, ó rán òwú pupa sínú ọrùn aṣọ àwọn àfẹsẹ̀gbá, ó rán òwú búlúù sí ti rọ́gbì, ó sì rán yẹ́lò sí ti àwọn alákoto.

Kó tó pé ọdún mẹ́ta, kò wo òwú mọ́. Ìdọ̀tí ara aṣọ ti tó o kà. Ẹ di ojú rẹ̀, kí ẹ gbé ṣòkòtò kan lé e lọ́wọ́, á fọwọ́ tẹ orúnkún rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀ díẹ̀, á sì sọ eré tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe, ibi tó fi ara ṣubú, àti bóyá wọ́n borí tàbí wọ́n fìdí rẹmi. "Ẹni tó bá borí kì í tètè bọ́ aṣọ," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Á máa fò, á máa dì mọ́ èèyàn, òógùn á ti gbẹ mọ́ aṣọ lára kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, tútù ni tiẹ̀ máa ń dé."

Nínú gbogbo aṣọ tó ń fọ̀, ọ̀kan wà tí kì í jẹ́ kó sinmi: jẹ́sì Nọ́ńbà Méje ti rọ́gbì. Kì í ṣe jẹ́sì ńlá o, ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké tí ẹgbẹ́ náà ń kó fún àwọn ọ̀dọ́ ni. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń wọlé ní gbogbo Sátidé bí ohun tí wọ́n fi nu ilẹ̀. Ẹrẹ̀ léjìká, ẹrẹ̀ láyà, koríko nínú kọ́là, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá. Kọ́là yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti rán an.

"Irú ọmọkùnrin wo nìyí?" á na jẹ́sì náà sókè síbi iná. "Àwọn mẹ́rìnlá yòókù ń ṣeré, tiẹ̀ ni kó máa wúlẹ̀. Ìyá ẹ̀ dà? Ibo ló wà? Ìyá wo ló máa bímọ tán tó máa yọ̀ǹda ẹ̀ kí wọ́n máa fi nulẹ̀ báyìí?"

Ẹni tó sábà máa ń wà níbẹ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀ yìí ni Baba Kọ́kọ́rọ́, ọkùnrin tó ń tọ́jú bọ́ọ̀lù, àwọ̀n àti gbogbo irinṣẹ́ ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdì kọ́kọ́rọ́ ìbàdí rẹ̀ máa ń dún wọnranwọnran kí òun fúnra rẹ̀ tó yọjú. Ohun kan tó yani lẹ́nu ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìyá Nọ́ńbà Méje, ikọ́ á gbé bàbá yìí, á sì rántí pé ilẹ̀kùn kan wà tóun ò tì. Màmá Lọ́ńdìrì kò bi í ní ìdí ẹ̀. Ilẹ̀kùn pọ̀ ní pápá ìṣeré.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, ọmọ rẹ̀ gbé ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo oúnjẹ rẹ̀ nílé. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tí bàbá rẹ̀ ti ń pè ní Kòjókòó láti ìgbà tó ti ń rákò, torí kì í fìdí kan ilẹ̀. Màmá Lọ́ńdìrì nu ọwọ́, ó ka ìwé náà. Ìdíje àwọn ọmọbìnrin ni, ní ìlú mìíràn, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń wá ọmọbìnrin tó mọ eré sá, ìwé kan náà ni wọ́n sì tẹ̀ fún gbogbo wọn: *Èmi, òbí ọmọ yìí, gbà kí ó lọ díje nínú eré*, lẹ́yìn náà àlàfo kan, lẹ́yìn àlàfo náà ibi ìfọwọ́sí. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n máa gba ìwé kẹ́yìn, bọ́ọ̀sì á sì gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

"Kí ló dé tí ibí yìí ṣófo?"

"Ẹ̀yin ni mo ní kẹ́ ẹ kọ ọ́, Màámi. Tẹ́ ẹ bá bi mí, rọ́gbì ni mo fẹ́. Ọkàn mi ò sí níbòmíì."

"Rọ́gbì kẹ̀?" Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Àwọn àfẹsẹ̀gbá ńkọ́? Ṣé àwọn ò ń sáré ni?"

"Wọ́n ní tí mo bá fẹ́, kí n wá. Àwọn alákoto náà ní kí n wá. Tẹ́ ẹ bá kọ èyíkéyìí síbẹ̀, n ó lọ. Tẹ́ ò bá sì kọ nǹkan kan, n ò ní lọ síbì kankan." Ó wo ìyá rẹ̀ lójú. "Ṣùgbọ́n mo ti sọ èyí tí mo fẹ́."

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ìyá yìí kò fi kàn mú bírò. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀. Ó ń rẹ́ ògiri lọ́jọ́ kan lórí àkàbà gíga, ẹni tó yẹ kó di àkàbà mú fún un sì ti lọ jẹun. Ọkùnrin náà ré bọ́. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó rí i nílẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi dùbúlẹ̀ gbalaja kó tó kú, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń fọ aṣọ ìbora rẹ̀ lójoojúmọ́, lẹ́yìn tó bá ti fọ ti gbogbo ayé tán níbi iṣẹ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí Kòjókòó bá kọsẹ̀ lásán nínú ilé, ìyá rẹ̀ á ti fò dìde. Láti ọdún tó kọjá ni ọmọ náà sì ti ń dé pẹ̀lú ojú ìgbọ̀nwọ́ tó bó, á ní kẹ̀kẹ́ ló gbé òun ṣubú. Ìyá rẹ̀ ti ní òun máa ta kẹ̀kẹ́ ọ̀hún.

"Fún mi di Sátidé," ó wí níkẹyìn. "Mo máa wádìí ẹ̀ fúnra mi. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ní kí Baba Kọ́kọ́rọ́ gbé bọ́ọ̀lù wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bàbá tò wọ́n sórí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú yẹn, àkọ́kọ́ yí bírí, ó bọ́ sílẹ̀, ó gba abẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ. Àwọn méjì yòókù ta gọ́n-ín-gọ́n-ín díẹ̀, wọ́n sì dúró.

"Ta ló jókòó lé àwọn wọ̀nyí?" Màmá Lọ́ńdìrì bèèrè.

"Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn, Màmá. Èyí tó sanra bí ẹyin ńlá ni ti rọ́gbì. Èyí tí ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó lápá méjèèjì, tí wọ́n fi okùn dì láyà, ti àwọn alákoto ni."

Ó gbé e. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka ka ojú okùn rẹ̀, ó ní ẹni tó rán an mọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó fa àga, ó jókòó, ó ní kí bàbá náà jókòó, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó sá lọ sábẹ́ ẹ̀rọ.

"Tàwọn àfẹsẹ̀gbá rọrùn," Baba Kọ́kọ́rọ́ wí. Eré yìí lòun fẹ́ràn jù, ojú rẹ̀ sì tàn. "Mọ́kànlá dojú kọ mọ́kànlá. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ gbá a, ẹ lè fi orí kàn án, ẹ lè fi àyà gbà á. Ọwọ́ nìkan ni èèwọ̀, àfi ti gólì."

"Ọwọ́ jẹ́ èèwọ̀?"

"Èèwọ̀ pátápátá."

"Kí ló wá dé tí etí jẹ́sì wọn máa ń fà bíi rọ́bà?"

Baba Kọ́kọ́rọ́ họ orí. "Màmá, wọ́n ní ọwọ́ ò gbọdọ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ta ló dárúkọ aṣọ?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ọdún yẹn ló fi rò pé àwọn àfẹsẹ̀gbá ń kó jẹ́sì wọn kọ́ sórí ìṣó ni. Ó bèèrè ìdí tí ìdọ̀tí wọn fi máa ń wà ní ìbàdí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bàbá sọ fún un pé wọ́n máa ń fi ẹ̀gbẹ́ yọ́ lórí koríko láti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn. Ó bèèrè nípa àwọn tí aṣọ wọn kún fún koríko níwájú àti lẹ́yìn, tí kò sì sí àmì ìpalára kankan lára ìbọ̀sẹ̀ wọn. "Àwọn yẹn," Baba Kọ́kọ́rọ́ wí, ó rọra wo ẹnu ọ̀nà, "wọ́n ṣubú kí rẹ́fìrí lè rí wọn ni. Wọ́n á yí gbiri, wọ́n á ké. Tó bá yá, wọ́n á dìde."

"Òpùrọ́ ni wọ́n nìyẹn."

"Kì í ṣe gbogbo wọn, Màmá. Ẹ má báni lórúkọ jẹ́."

Bí wọ́n ṣe lo ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Lọ́jọ́rú, wọ́n bọ́ sórí ti àwọn alákoto. Baba Kọ́kọ́rọ́ ní mọ́kànlá làwọn náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì ní láti fi gbé bọ́ọ̀lù sún síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ṣubú, fèrè á dún, gbogbo nǹkan á dúró. Wọ́n á dìde, wọ́n á korí jọ, wọ́n á sọ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á tò, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

"Mo mọ̀!" Màmá Lọ́ńdìrì lu tábìlì. "Mo ti ń wí i fún ara mi pé ìdọ̀tí tiwọn máa ń ní ipele, bí ògiri tí wọ́n rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń ráyè gbẹ kí òmíì tó gorí ẹ̀! Ti rọ́gbì, ẹrẹ̀ kan náà ni látòkè délẹ̀, tútù rinrin." Ó tún rántí nǹkan. "Ẹnì kan wà nínú àwọn alákoto tí ṣòkòtò ẹ̀ kì í dọ̀tí láé. Mo rò pé kì í wá síbi iṣẹ́ ni."

"Òun ni wọ́n ń pè wọlé kó wá fẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù gba àárín òpó. Tó bá ti ta á, á jáde."

"Kò níṣẹ́ mìíì?"

"Bóyá kó mu omi."

"Ìyá yẹn gbàdúrà lórí ọmọ," ó wí, ó sì mi orí tìyanu-tìyanu.

Ọkàn rẹ̀ fà sí eré yìí gidigidi. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: akoto lórí, tìmùtìmù léjìká, tìmùtìmù nítan, fèrè nígbàkigbà téèyàn bá ṣubú. Eré tí wọ́n ti ń fi ọmọ wé bí ẹyin, kí ni ìyá tún ń wá? Ó ti ń wá bírò nígbà tí Baba Kọ́kọ́rọ́ gbé akoto kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, tó sì yí iwájú rẹ̀ sí i.

"Ẹ fọwọ́ kan ibí."

Ojú akoto náà ha yánnayànna. Nínú ojú ibi tó ha náà, ọ̀dà àwọ̀ ewé wà níbẹ̀, akoto ẹgbẹ́ wọn sì funfun báláú ni.

"Ọ̀dà ta nìyí?"

"Ti akoto ẹni tí wọ́n jọ kọlura. Ẹni tó bá mọ̀ pé akoto wà lórí òun, Màmá, kì í bẹ̀rù láti fi orí kan nǹkan."

Ó di akoto náà mú fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò pa ọ̀dà yẹn bí ẹni pé ó lè wẹ̀ ẹ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ó dá a padà, kò sì sọ̀rọ̀ nípa àwọn alákoto mọ́.

Ó wá ku rọ́gbì. Ìgbà mẹ́ta ni Baba Kọ́kọ́rọ́ ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ibì kan náà ni obìnrin náà sì ń dá a dúró sí.

"Ẹ ní wọ́n lè gbé bọ́ọ̀lù sáré."

"Wọ́n lè gbé e sáré."

"Tí wọ́n bá wá fẹ́ fọwọ́ jù ú sí ara wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n gbọ́dọ̀ jù ú sí."

"Ẹ̀yìn ni, tàbí ẹ̀gbẹ́. Iwájú ò sí níbẹ̀."

"Ibo wá ni wọ́n ń lọ?"

"Iwájú ni."

"Baba Kọ́kọ́rọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó ń lọ síwájú ló ń ju ẹrù sẹ́yìn?"

Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun. Ó ń ká aṣọ, ó ń rò ó. Ó ń rán bọ́tìnnì, ó ń rò ó. Ó tilẹ̀ ká ìbọ̀sẹ̀ kan rògòdò, ó rìn síwájú díẹ̀ nínú yàrá, ó sì jù ú sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Ìbọ̀sẹ̀ bọ́ sínú garawa omi. Ṣùgbọ́n èyí tó bèèrè kẹ́yìn ló pa gbogbo rẹ̀ tì. Ó bèèrè bóyá wọ́n ń dé akoto. Bàbá ní rárá, nǹkan kékeré kan ni wọ́n ń há sẹ́nu nítorí eyín, pé wọn ò sì gbọdọ̀ di èèyàn mú lókè èjìká. Ó wá bèèrè bóyá fèrè máa ń dún bí ẹnì kan bá ṣubú.

"Fèrè kì í dún," Baba Kọ́kọ́rọ́ wí. "Eré ń lọ ni."

"Lórí ẹni tó ṣubú?"

Bàbá fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti dìde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aṣọ ìgbaradì rọ́gbì dé, jẹ́sì Nọ́ńbà Méje sì wà lókè pátápátá. Kọ́là rẹ̀ tún ti ya, ó rọ̀ bí etí ajá. Ẹ̀ẹ̀keje nìyẹn. Màmá Lọ́ńdìrì fọ̀ ọ́, ó sá a gbẹ, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, inú bí i, ó sì tún fà á yọ. Ó ya bébà kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé, *Kí ìyá ẹni tó ni ín rán an*, ó fi píìnì gún un mọ́ àyà jẹ́sì náà, ó sì kó o mọ́ àwọn yòókù lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sọ ìdájọ́ fún ọmọ rẹ̀. "Àfẹsẹ̀gbá ni mo máa kọ. Wọ́n ń purọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ kì í ṣẹ́ni lẹ́yìn. Rọ́gbì yẹn, gbàgbé ẹ̀. Jẹ́sì ọmọ kan wà níbẹ̀..."

"Nọ́ńbà Méje," Kòjókòó wí jẹ́ẹ́. "Ẹ ti sọ ọ́ fún mi, Màámi. Gbogbo Sátidé lẹ ń sọ ọ́."

"Ṣé o wá rí i?"

Ọmọ náà ń fi ìka yí ife omi rẹ̀ lórí tábìlì. "Èwo nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ti wò?"

"Gbogbo ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún."

"Aṣọ lẹ wò, Màámi. Ẹ ò tíì wo àwọn tó wọ̀ ọ́." Ó gbọ́wọ́ kúrò lára ife náà. "Àwọn ọmọbìnrin rọ́gbì ń ṣeré lọ́la, aago mẹ́ta. Ẹ gun àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù yín kẹ́ ẹ kọ, n ò ní bá yín jà."

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ Sátidé, Màmá Lọ́ńdìrì kó aṣọ sínú ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ̀ wọ́n, ó sì dúró síwájú àtẹ̀gùn. Ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò kan. Ó ka àtẹ̀gùn náà bó ṣe ń gùn ún: mọ́kànlá, bó ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà oòrùn gbá a lójú.

Pápá náà tóbi ju ohun tó ń rò lọ. Kò tíì rí aṣọ rẹ̀ lára èèyàn tó ń sáré rí, ẹnu sì yà á. Àwọ̀ wọn ń tàn! Òun ló fọ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ tó rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó dé fìlà oòrùn. Lókèèrè, Baba Kọ́kọ́rọ́ rí i, ó wá ilẹ̀kùn tó máa lọ tì yíká pápá, kò rí ọ̀kan.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé ọmọbìnrin ni àwọn tó ń wọ jẹ́sì kéékèèké yẹn. Ó wá Nọ́ńbà Méje. Kò pẹ́ tó fi rí i, kọ́là náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Fìlà rírọ̀ kan bò ó lórí mọ́ etí, ibikíbi tí èèyàn bá sì ti ṣubú, ibẹ̀ ló ń forí lé. Màmá Lọ́ńdìrì rò ó pé, "Kò ju ọmọ mi lọ," àánú sì ṣe é dé ọkàn.

Nǹkan kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í yé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù ló wà níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn ń sá bọ̀. Bí wọ́n bá ti ká a mọ́, á ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láìwò, ọwọ́ kan á sì wà níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń jù ú sẹ́yìn nìyẹn: ẹ̀yìn ni àwọn èèyàn wọn wà! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún.

Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Nọ́ńbà Méje. Ó ki eré mọ́lẹ̀, ó yẹ ẹnì kan, ó yẹ ẹnì kejì, ẹni kẹta fi èjìká gbé e nítan, ó sì lulẹ̀ gbì. Fèrè kò dún. Màmá Lọ́ńdìrì ti dìde, ó ti gbé ọwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n kó tó lè ka méjì, ọmọbìnrin méjì ti dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n so ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì dúró gbọnyin lórí ẹni tó ṣubú náà. Ẹni kẹta tún dé. Àwọn alátakò ń fi gbogbo agbára tì wọ́n, wọn kò yẹ̀. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn wọ̀nyí kọ́wọ̀ọ́ rìn. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kúrò níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́, ó fa Nọ́ńbà Méje dìde.

Ogójì ìṣẹ́jú ni ọkọ òun fi wà nílẹ̀. Ohun tó sọ sí i lọ́kàn nìyẹn, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn ọkùnrin yẹn. Bí ẹnì kan péré bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó di àkàbà mú, tó kígbe, tó dúró tì í!

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nínú omi ojú yẹn ló ti rí Nọ́ńbà Méje tó bọ́ fìlà, tó sì fi ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ nu irun kúrò níwájú orí, bí ọmọ kan ṣe máa ń ṣe nílé bí ọṣẹ àwo bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Lọ́ńdìrì nu ojú. Ó tún wò ó. Irun tó máa ń tutù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tóun ń yìn ín pé ọmọ òun mọ́ tónítóní. Ìgbọ̀nwọ́ tó bó. Kẹ̀kẹ́ tóun ti fẹ́ tà!

"Ẹ gbà mí o," obìnrin oní-fìlà-oòrùn wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ta ni ìyá ọmọ yìí? Ibo ló wà tí wọ́n ń fọmọ ẹ̀ nulẹ̀ báyìí?"

Màmá Lọ́ńdìrì mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, òun ló ti ń sọ ọ́ látọdún kan.

"Èmi ni," ó wí. "Abẹ́ ibi tá a jókòó sí yìí ni mo wà."

Nígbà tí fèrè ìsinmi dún, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ orí koríko tààrà. Kòjókòó rí i tó ń bọ̀, ó dúró sojú kan, ẹ̀rù bà á. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bébà kan tó ti rin fún òógùn jáde látinú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ìyá rẹ̀.

"Màámi," ó wí, "wọ́n ní kẹ́ ẹ rán an."

"Jókòó."

Ọmọ náà jókòó sórí koríko. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò láyà ẹ̀wù iṣẹ́ Màmá Lọ́ńdìrì, òwú búlúù sì wà lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó gbá kọ́là náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. "Tá a bá délé, a máa sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn," ó wí. "Odidi ọdún kan lo fi purọ́ mọ́ kẹ̀kẹ́. Inú ń bí mi, má rò pé inú ò bí mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi."

"Mi ò tíì ní kó o bẹ̀ mí. Yẹ orí sápá kan."

Kóòṣì wọn, obìnrin kan tó ní ìdì ìwé lábíyá, dúró ní ọ̀ọ́kán, kò mọ̀ bóyá kóun súnmọ́ tàbí kóun sá. Màmá Lọ́ńdìrì fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó yọ ìwé náà nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ gan-an, lórí nọ́ńbà ọ̀hún, ó kọ *rọ́gbì* sínú àlàfo, ó fọwọ́ sí i, ó sì nà án sí kóòṣì. Kòjókòó mọ ohun tó kọ lára ẹ̀yìn rẹ̀.

Fèrè dún. Òwú kù díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ta ìdí òwú náà ní kókó lẹ́ẹ̀mejì, ó fi eyín gé e.

"Ṣé kí n máa lọ?" ọmọ náà bèèrè, kò tíì dìde.

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ tẹ kọ́là náà wò, ó di. "Dìde," ó wí. "Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń dúró dè ọ́."